Bí a ṣe ń ka ọjọ́ òjò ní Òṣogbo tí àkọsílẹ̀ àdúgbò kan á fi ṣeé gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti èkejì

Bí òjò bá ti mú ìlú dáadáa, ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń gbọ́ ní Òṣogbo lọ́dọọdún. Ẹnì kan á ní òjò ọdún yìí pọ̀ ju ti èṣí lọ, ẹlòmíì á ní irọ́ ni, ti èṣí ló pọ̀ jù. Ẹni tó ń gbé Òkè-Baálẹ̀ á ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí aṣọ tóun sá kò gbẹ, ẹni tó wà ní Abẹ́rẹ́ á ní ilẹ̀ ọ̀dọ̀ tàwọn gbẹ táútáú. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn jàre, torí òjò ò bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí leji ń pa. Ohun tó ń ká mi lára ni pé nínú gbogbo àríyànjiyàn yìí, kì í sábà sí ẹni tó máa ṣí ìwé táá ní, "Ẹ wò ó, iye ọjọ́ tó rọ̀ rèé, iye omi tó dà rèé." Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó bá fẹ́ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, tó sì fẹ́ kí àwọn míì ní àdúgbò míì ní in pẹ̀lú.

Àjọ NiMet tó ń bójú tó ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà ní ibùdó ní Òṣogbo. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ ibùdó kan ṣoṣo kò lè mọ ohun tó rọ̀ sí gbogbo àdúgbò. Òjò alárá lè tú gbogbo omi inú rẹ̀ sí apá kan ìlú, kí apá kejì má rí ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn ní Fort Collins ní Amẹ́ríkà ní oṣù keje ọdún 1997: òjò rọ̀ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn ìlú náà débi pé àgbàrá ya wọlé, ó sì gbẹ̀mí èèyàn, nígbà tí ìhà kejì ìlú kan náà rí ìwọ̀nba díẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1998, ni wọ́n dá CoCoRaHS sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú tó ń wọn òjò, yìnyín àti òjò dídì (ìyẹn snow) nínú àgbàlá ilé wọn. Nǹkan wọ̀nyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti 1860 ni George James Symons ti ń kó àkọsílẹ̀ òjò jọ lọ́wọ́ àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó sì máa fi kú ní 1900, àwọn tó ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ ti ju 3,000 lọ. Bí èèyàn mẹ́fà péré bá ṣe é ní Òṣogbo, kí wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ, a ó mọ ohun tí a kò mọ̀ nípa ìlú wa.

Ẹ fohùn ṣọ̀kan kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ibí ni mo ti fẹ́ dúró pẹ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bà jẹ́. Kí lẹ máa kà sí ọjọ́ òjò? Ṣé bí ẹ̀kán mẹ́ta bá kán sí páànù, ó ti di ọjọ́ òjò? Bí ẹnì kan bá ń kà á, tí ẹnìkejì ò kà á, lópin ọdún, àkọsílẹ̀ méjèèjì á fi ọjọ́ tó pọ̀ jura wọn lọ, bẹ́ẹ̀ òjò kan náà ló rọ̀ sí wọn.

Àwọn tó ń ka ọjọ́ òjò dídì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bá ìṣòro yìí jà tipẹ́, ẹ̀kọ́ wọn sì wúlò fún wa gan-an. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kà á. Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tí òjò dídì bọ́ láti ojú ọ̀run. Bó bá bọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, kódà kó jẹ́ pé ó lú mọ́ òjò, ó ti wọlé. Ìkejì ni ọjọ́ tí òjò dídì wà nílẹ̀: wọ́n á wo ilẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, bó bá ti bo ju ìdajì ilẹ̀ lọ, wọ́n á kà á. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ dá lórí ojú ẹni tó ń wò. Ẹni tó sùn wọra kò lè rí èyí tó bọ́ ní aago mẹ́ta òru, àmọ́ aládùúgbò rẹ̀ tí kò rí oorun sùn máa rí i, nípa bẹ́ẹ̀ àwọn méjì tó ń gbé òpópónà kan náà lè kọ iye ọjọ́ tó yàtọ̀ pátápátá. Ti ìkejì kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni ṣàìsùn. Ẹni tó bá ti jáde síta ní aago mẹ́sàn-án máa rí ohun kan náà tí ẹlòmíì rí. Nítorí náà, wọn kì í da méjèèjì pọ̀ bí wọ́n bá ń ṣe ìfiwéra.

Bí àwa náà ṣe gbọ́dọ̀ ṣe é nìyẹn. Ohun tí òṣùwọ̀n gbà sínú tó sì ń dúró dè yín láàárọ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́, ẹ yà á sọ́tọ̀.

Fún ọjọ́ òjò, òfin tí mo fara mọ́ ni èyí tí àwọn oníṣẹ́ ojú ọjọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò tipẹ́: bí òjò wákàtí mẹ́rìnlélógún bá tó mílímítà 0.2, ọjọ́ òjò ni. Bó bá tó mílímítà 1, ẹ tún kà á mọ́ ìsọ̀rí kejì, ìyẹn ọjọ́ tí ilẹ̀ rin. Bó bá rọ̀ àmọ́ tí kò tó 0.2, ẹ kọ "W" fún òjò wínníwínní, kí ẹ má sì kà á mọ́ ọjọ́ òjò. Ìrì òwúrọ̀ náà lè kán díẹ̀ sínú òṣùwọ̀n, pàápàá lẹ́yìn tí òjò bá ti ń dáwọ́ dúró ní oṣù kọkànlá. Ìrì kì í ṣe òjò, ẹ kọ "ìrì" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Òṣùwọ̀n òjò

Mílímítà kan òjò ni omi tó máa ga tó mílímítà kan bí ilẹ̀ bá tẹ́jú tí omi ò sì ṣàn lọ. Lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà kan ní ìbú àti mítà kan ní òró, lítà omi kan gééré nìyẹn. Látinú ìṣirò kékeré yìí la ti lè ṣe òṣùwọ̀n tiwa láìra ti olówó ńlá.

Ohun tẹ́ ẹ nílò ni àrọ oníke, irú èyí tí wọ́n fi ń rọ epo, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 16, kẹ́ẹ̀gì lítà 5, síríǹjì mílílítà 5 àti ti 20 láti ilé ìtajà oògùn, àti fídà ọmọ tó ní àmì mílílítà lára. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ta òróró gbọ́dọ̀ di fífọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi gbígbóná títí kò fi ní ọ̀rá nínú mọ́. Ẹ yan àrọ tó jìn, tí etí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Àrọ pẹrẹsẹ máa ń ta ẹ̀kán òjò ńlá àti yìnyín dànù. Ẹ ti ẹnu àrọ bọ ẹnu kẹ́ẹ̀gì kó fún dáadáa. Ẹnu tóóró yẹn ni kò ní jẹ́ kí oòrùn fa omi náà gbẹ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì kékeré sí ìsàlẹ̀ inú àrọ, kí ewé má dí i, kí ẹ̀fọn má sì lọ yé ẹyin síbẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì funfun máa ń hu èéhọ̀ bí oòrùn bá ń wọ inú rẹ̀, nítorí náà ẹ kùn ún ní ọ̀dà tàbí kí ẹ fi aṣọ dúdú wé e.

Wàyí o, ẹ fi rúlà wọn ẹnu àrọ láti etí inú dé etí inú. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ìbú, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní òró, torí ike lè wọ́ díẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ wá fi 0.0785 ṣe ìlọ́po èsì rẹ̀. Ohun tó bá jáde ni iye mílílítà omi tó dúró fún mílímítà òjò kan. Àrọ sẹ̀ǹtímítà 16: 16 lọ́nà 16 jẹ́ 256, 256 lọ́nà 0.0785 jẹ́ 20.1. Bó ṣe rí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn àrọ sẹ̀ǹtímítà 16: omi mílílítà 20 ni mílímítà kan, omi mílílítà 4 ni mílímítà 0.2, síríǹjì kékeré sì lè sọ fún yín láìsí àníàní bóyá ọjọ́ òjò ni tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ti yín bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12, mílílítà 11.3 ni mílímítà kan. Ẹ kọ nọ́ńbà yìí sára kẹ́ẹ̀gì pẹ̀lú ọ̀dà, kí ẹni tó bá bá yín wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tẹ́ ò sí nílé má bàa ṣì í ṣe.

Bí omi bá pọ̀, ẹ fi fídà wọ̀n ọ́n, ẹ fi síríǹjì wọn èyí tó kù. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi síríǹjì bu omi sínú fídà náà láti mọ̀ bóyá àmì ara rẹ̀ ṣe é gbára lé. Ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n ìdáná oníbátìrì lè wọn omi náà nípa bó ṣe wúwo, torí mílílítà omi kan jẹ́ gíráàmù kan. Pẹ̀lú àrọ sẹ̀ǹtímítà 16, kẹ́ẹ̀gì lítà 5 lè gba nǹkan bíi mílímítà 250, kò sì dájú pé òjò ọjọ́ kan máa kún un.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí

Òfin kan ló ṣe pàtàkì jù: ohunkóhun tó bá ga ju òṣùwọ̀n lọ, kí òṣùwọ̀n jìnnà sí i tó ìlọ́po méjì gíga rẹ̀, ó kéré tán. Bí ògiri ilé bá fi mítà mẹ́rin ga ju ẹnu àrọ lọ, mítà mẹ́jọ ni kí ẹ fi jìnnà sí i. Igi máńgòrò tún burú ju ilé lọ, torí ó ń gba òjò dúró nígbà tó ń rọ̀, ó sì ń kán lẹ́yìn tó dá.

Mo mọ̀ pé èyí kò rọrùn ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun tàbí ní àyíká Ọjà-Ọba, níbi tí ilé ti fara kanra. Má ṣe tìtorí ìyẹn gbé e sórí òrùlé, torí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ gba orí ilé máa ń gbé òjò fò kọjá ẹnu òṣùwọ̀n. Ó sàn kí ẹ lọ bẹ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, pásítọ̀ tàbí lèmọ́mù tó ní àgbàlá tó gbòòrò nítòsí. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti koríko, ẹnu àrọ lè ga tó ìdámẹ́ta mítà sí ilẹ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ pupa tàbí kọnkéré, ẹ gbé e sórí òpó tó ga tó mítà kan, kí omi tó ń ta láti ilẹ̀ má bàa wọ inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró ṣánṣán, kí ẹ sì so ó mọ́lẹ̀ dáadáa nítorí ìjì àti ewúrẹ́.

Ohun kan tún wà tí ìwé òkèèrè kò ní sọ fún yín: ẹ ṣàlàyé fún ará ilé àti aládùúgbò kí ẹ tó rì í mọ́lẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì dúdú tí wọ́n wé láṣọ, tí wọ́n gbé sórí òpó láàárín àgbàlá, lè di ọ̀rọ̀ tí ẹ kò rò. Ẹ pe àwọn ọmọdé wá wò ó, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí bí ẹ ṣe ń wọn omi. Ọmọ tó bá ti bá yín kà á lẹ́ẹ̀kan kò ní ju òkúta sínú rẹ̀, òun ló tún máa lé àwọn tó kù.

Aago méje àárọ̀, lójoojúmọ́

Ẹ yan aago méje àárọ̀. Aago méje tiwa jẹ́ aago mẹ́fà ní àkókò àgbáyé tí àwọn oníṣẹ́ ojú ọjọ́ ń lò, ọ̀kan lára wákàtí tí wọ́n ti ń wo ojú ọjọ́ káàkiri ayé lẹ́ẹ̀kan náà.

Òjò ọjọ́ wo lẹ máa sọ pé ó jẹ́? Ká ní ìjì bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí òjò rọ̀ títí di aago kan òru. Ẹ wọ̀n ọ́n ní aago méje àárọ̀ Ọjọ́rú, ẹ rí mílímítà 31.5. Ẹnì kan á kọ ọ́ sí Ìṣẹ́gun torí ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíì á kọ ọ́ sí Ọjọ́rú torí ìgbà yẹn ló wọ̀n ọ́n. Bí àkọsílẹ̀ méjèèjì bá pàdé, á dà bíi pé òjò rọ̀ sí Òkè-Fíà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó wá rọ̀ sí Ayétòrò lọ́jọ́ kejì, nígbà tó jẹ́ pé òjò kan náà ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. CoCoRaHS ní tiwọn ń kọ ọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Èyí tó wù yín lẹ lè mú, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ni kí gbogbo ẹgbẹ́ mú, kí ẹ sì kọ òfin náà sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé gbogbo yín. Èmi fara mọ́ ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n, torí kò sí ìrònú kankan níbẹ̀: ohun tí mo bá láàárọ̀ yìí, òní ni mo kọ ọ́ sí.

Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò, ẹ kọ́ ẹnì kan nínú ilé. Bí kò bá sí ẹnì kankan, tí ẹ bá omi ọjọ́ mẹ́ta nínú kẹ́ẹ̀gì nígbà tí ẹ dé, ẹ má pín in sí mẹ́ta. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sí ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ "àpapọ̀ ọjọ́ 3" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wúlò fún àpapọ̀ oṣù, àmọ́ kò wúlò fún kíka ọjọ́ òjò.

Òdo kì í ṣe àlàfo

Ọjọ́ tí ẹ lọ wò tí kò sí omi, ẹ kọ 0. Ọjọ́ tí ẹ kò lọ wò, ẹ fa ìlà. Mo ń tẹnu mọ́ èyí torí pé àkọsílẹ̀ tó ní àlàfo níbi tó yẹ kí òdo wà kò ṣeé lò fún ìfiwéra. Ẹni tó bá ń ṣí i ní ọdún márùn-ún sí i kò ní mọ̀ bóyá ọ̀gbẹlẹ̀ ni àbí ẹni tó ni ín lọ sí Ìbàdàn. Ní oṣù kìíní, tí òdo pọ̀ nínú ìwé bí eruku ọyẹ́, ìgbà náà ló máa ń rẹ èèyàn jù. Ẹ máa kọ ọ́ lọ. Nínú òdo wọ̀nyẹn la ti ń mọ ọjọ́ tí àkọ́rọ̀ òjò dé, òun náà ló sì ń fi hàn bóyá òjò tó rọ̀ ní oṣù kẹta ṣe é gbára lé. Gbogbo àgbẹ̀ tó ti gbin àgbàdo lẹ́yìn òjò méjì, tí ilẹ̀ wá gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí èso fi kú sínú ebè, mọ iye tí irú ìmọ̀ yìí tó.

Ojú ìwé kò nílò ju ìlà mẹ́rin lọ: ọjọ́, iye mílímítà, ohun tí ojú rí tàbí tí etí gbọ́, àti àkíyèsí. Báyìí ló ṣe máa rí:

Ìṣẹ́gun 12: 0. Àrá látọ̀nà jíjìn ní ìrọ̀lẹ́.
Ọjọ́rú 13: 31.5. Ìjì, àrá. Aago 9 alẹ́ títí di 1 òru.
Ọjọ́bọ̀ 14: W.
Ẹtì 15: — (mi ò sí nílé)

Ẹ kọ ìwọ̀n náà bí ẹ ṣe rí i, kí ẹ má ṣe gé e sí 30 nítorí pé 31.5 kò dùn pè.

Àrá, yìnyín àti ọyẹ́

Àwọn yìí ni ohun tí ojú àti etí ń kà, ẹ rántí pé wọn kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ òjò inú kẹ́ẹ̀gì. Ọjọ́ àrá ni ọjọ́ tí ẹ fi etí ara yín gbọ́ àrá. Mànàmáná nìkan kò tó, torí a lè rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lóru láti ibi tó jìnnà gan-an sí ìlú.

Yìnyín ṣọ̀wọ́n níbí, àkọsílẹ̀ ẹyọ kan nípa rẹ̀ sì ṣeyebíye. Ó sábà máa ń bá ìjì ńlá wá nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sáré jáde lọ ṣa á nígbà tí àrá ń sán. Nígbà tó bá rọlẹ̀, ẹ mú èyí tó tóbi jù, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kíá kó tó yọ́, kí ẹ sì kọ aago àti iye ìṣẹ́jú tó fi bọ́. Bí rúlà kò bá sí nítòsí, owó ẹyọ tàbí ìdérí ìgò dára. Ẹ fi yìnyín míì sínú ọ̀rá nínú fìrísà di ìgbà tí ẹ bá máa wọ̀n ọ́n. Ẹ kọ ọ́ bí kò bá bọ́ náà sí ọ̀dọ̀ yín nígbà tí àdúgbò míì rí i, torí bí àwọn tó kù bá sọ pé àwọn wà nílé, àwọn ò sì rí i, ìgbà yẹn la tó lè mọ bí ojú ọ̀nà rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó.

Fún ọyẹ́, ẹ yan ohun mẹ́ta tí ẹ lè máa rí láti ẹnu ọ̀nà yín, bí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣóńṣó mọ́ṣáláṣí àti orí òkè kan, kí ẹ fi máàpù orí fóònù wọn bí wọ́n ṣe jìnnà tó. Láàárọ̀, ẹ kọ èyí tí ẹ rí àti èyí tí ẹ kò rí. Ẹ má da ìkúùkù omi pọ̀ mọ́ eruku: ìkúùkù máa ń rin ara ewé, ó sì máa ń ká bí oòrùn bá ràn, àmọ́ eruku ọyẹ́ lè wà níbẹ̀ tọ̀sán-tọ̀sán, ètè sì máa gbẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé àkọsílẹ̀ síra

Kí ẹgbẹ́ tó pín sí àdúgbò, ẹ kó gbogbo òṣùwọ̀n yín sí àgbàlá kan fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní àkókò òjò. Òjò kan náà ni wọ́n jọ ń gbà, iye kan náà ló sì yẹ kí wọ́n sọ. Bí ti ẹnì kan bá ń fi ju ìdá kan nínú mẹ́wàá yàtọ̀ nígbà gbogbo, ẹ wo ẹnu àrọ rẹ̀, ẹ tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn èyí, bí Àlẹ́kúwodò bá yàtọ̀ sí Ògo-Olúwa, ẹ ó mọ̀ pé òjò ló yàtọ̀.

Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì ní àkọsílẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi wéra. Ká ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án pé sí ìwé Òkè-Fíà, tí Ayétòrò sì pàdánù ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ yọ ọjọ́ mẹ́rin yẹn kúrò nínú méjèèjì, kí ẹ wá ka ọjọ́ òjò nínú 26 tó kù. Bí ọ̀kan bá ní 14, tí èkejì ní 13, ẹ má kéde ohunkóhun. Ìyẹn kò ju wínníwínní kan lọ. Ọjọ́ tó yẹ kí ẹ dúró lé lórí ni ọjọ́ tí ọ̀kan kọ 25 tí èkejì kọ 0. Ẹ béèrè aago tó rọ̀, ìhà tí òjò náà ti ṣú wá àti ibi tó forí lé. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta nínú oṣù kọ́ wa ju àpapọ̀ oṣù lọ.

Àwọn àmì kan ń fi àkọsílẹ̀ tó ṣàìsàn hàn. Ìwé tí gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ parí sí 0 tàbí 5, ojú lásán ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ìwé tí òjò kékeré kì í sí nínú rẹ̀ rárá, ẹni tó ni ín kì í lọ wò ó àyàfi lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ bá onítọ̀hún sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, kì í ṣe lórí WhatsApp ẹgbẹ́.

Ẹ má ṣe fi ohun tí fóònù sọ dí àlàfo. Ìṣirò kọ̀ǹpútà ni, kò sí ẹni tó lọ wọn omi yẹn ní Òṣogbo. Àsọtẹ́lẹ̀ àkókò òjò tí NiMet ń gbé jáde lọ́dọọdún yàtọ̀ sí ìyẹn: ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yín, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ní òjò máa fẹsẹ̀ múlẹ̀ àti ọjọ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní àdúgbò yín. Ẹ tún sàmì sí ìgbà tí òjò máa ń dínkù ní nǹkan bí oṣù kẹjọ, lásìkò tí àwọn èèyàn ń wọ́ wá síbi ọdún Ọ̀ṣun. Ẹ ka iye ọjọ́ tó tẹ̀ léra tí òjò kò tó mílímítà 1, kí ẹ wo àdúgbò tó ti pẹ́ jù.

Pẹ́ńsù ni kí ẹ máa fi kọ ọ́, torí ọ̀pọ̀ yíǹkì máa ń ṣàn bí omi bá kàn án, omi sì máa kàn án. Bí oṣù bá parí, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn méjì nínú ẹgbẹ́ tí kì í gbé inú ilé kan náà.